Ejò Olórí Méjì Inú Èèbù Tàǹtí Ràfátù

Àwọn tó bá lọ sí ìdálẹ̀ sábà máa ń kó ọgbọ́n bọ̀ wálé. Ní tèmi, ṣẹ́ẹ̀tì tí oje kajú bà jẹ́ ni mo kó bọ̀, àti ọrùn tó ṣì ń dùn mí nítorí ẹrù tí mo rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró ní gbogbo igun Ṣakí láti bi mí pé báwo ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí, mo ti rí i pé tí n bá ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu mi á bó. Ẹ jókòó, ẹ kà á.

Wọn ò yàn mí torí pé mo gbọ́n o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó lọ́kọ sí Mànígírì nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ọkọ ẹ̀ ló kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti lọ wáṣẹ́ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ìyá mi wá ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ bá a gbin iṣu. Wọ́n wo pálọ̀ yíká. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Àbúrò mi ń lọ síléèwé. Bàbá mi ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èmi nìkan ló nà gbalaja sórí àga, èmi tí mo ti jáde girama, tí mò ń retí ìdánwò yunifásítì bí ẹní ń retí òjò lọ́gbẹ̀lẹ̀. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Bí wọ́n ṣe ń yan aṣojú ìdílé nìyẹn.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ní ẹnubodè, mo gbéra ga, mo fi òyìnbó kí ọlọ́pàá ibẹ̀, mo sì fi gbogbo gírámà tí mo ní sí i. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bọ́ńjúù." Mo tún kí i, mo tún fi gírámà kún un. Ó yíjú sí ẹnìkejì ẹ̀, ó fi Yorùbá tó mọ́ gaara bi í pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Àbí ara ẹ̀ ò yá ni?"

*

Bàsílà ni mo ti mọ̀ dáadáa pé àlejò ni mí. Èdè tó ń gba etí mi kọjá kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn onílé ń sọ Àníì, àwọn ọmọ iléèwé ń sọ Faransé, àwọn ìyá Fúlàní ń fi tiwọn ná wàrà. Lójijì, ẹnì kan á sọ gbólóhùn kan lẹ́yìn mi, ohùn ẹ̀ á dà bíi ti ìyá ìyá mi gẹ́lẹ́. Mà á yíjú kíá, mà á rí i pé ọkùnrin tó ń lẹ táyà ni.

Ebi ń pa mí. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta wàṣé, ìyẹn ìrẹsì àtẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ títí tó fi pọ́n. Mo dúró síwájú ìkòkò ẹ̀, mo ní, "Ẹ bù ú fún mi."

Ìyá náà ò fọwọ́ kan ṣíbí. Ó ní, "A dúpẹ́. Ara wa le. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ní, "Mi ò tíì lọ́mọ, mà."

Àwọn tó ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín débi pé oúnjẹ há ọ̀kan nínú wọn lọ́fun. Ìyá náà ní, "Ìwọ ló yẹ kó o kí mi. Nígbà tó ò kí mi, mo dá ara mi lóhùn kí ìkíni má baà ṣòfò. Níbí o, a kì í kí ìkòkò ká tó kí ẹni tó sè é."

Ni mo bá dọ̀bálẹ̀. Mo kí i kú ìjókòó, kú oòrùn, kú ọjà, kú iná. Bí kì í bá ṣe pé ó dá mi dúró, ǹ bá kí ìkòkò náà mọ́ ọn. Ó bu wàṣé fún mi, ó wọ́n ata gbígbẹ lé e lórí, ó ju wàrà díndín sí i. Ó ní ṣé ata náà ò pọ̀? Mo ní ará Nàìjíríà ni mí, ata ò lè mú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ sọ irú ẹ̀ ní Bàsílà. Ẹkún ni mo fi jẹ oúnjẹ náà tán. Ó sì dùn. Mo tún bu òmíràn, mo tún sunkún.

Ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì níbẹ̀, ló gbé mi lọ sí Mànígírì. A ò tíì jáde nílùú tó ti bi mí pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọ̀dọ̀ Tàǹtí Ràfátù ni mò ń lọ." Tàǹtí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá níbẹ̀ nìyẹn. Tèmi yìí, gbogbo ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó dẹwọ́ eré. "Tàǹtí Ràfátù tí ejò wà nínú àká èèbù ẹ̀?"

"Ejò kẹ̀?"

"Méjì ni. Àárọ̀ yìí ni wọ́n rí wọn."

A dúró ra epo inú ìgò lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní mẹ́rin ni òun gbọ́. Nígbà tá a máa fi rí òrùlé àkọ́kọ́ ní Mànígírì, darandaran kan ti sọ fún wa pé méje ni, ọ̀kan sì ní ogbe lórí bí àkùkọ. Mo ní kí ọlọ́kadà dá mi padà sọ́dọ̀ ìyá oníwàṣé. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

*

Ká sòótọ́, ìlú tó rẹwà ni. Kajú ti ń pọ́n. Ibi tójú ẹ bá yí sí, èso ẹ̀ ń fì lórí igi, àwọn kan pupa, àwọn kan bí òrùn ìrọ̀lẹ́, òórùn dídùn ẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀nà. Lẹ́yìn ìlú, ebè iṣu tò lọ rẹrẹ bí ìgbà tí ilẹ̀ ya orí.

Èmi ò ráyè wo ìyẹn. Iwájú ilé Tàǹtí ni gbogbo àdúgbò dúró sí, wọ́n yí àká ẹ̀ ká, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí i. Àká yẹn kì í ṣe ilé. Abẹ́ igi kajú ni, wọ́n kó èèbù jọ gègèrè sílẹ̀, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò ó bámúbámú. Tàǹtí fúnra ẹ̀ jókòó sórí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó ń mu oje kajú, ó ń wo wọn bí ẹní ń wo eré.

Bó ṣe rí mi báyìí, ó gbàgbé ejò. "Ọmọ àbúrò mi! Káàbọ̀! Ìyá ẹ ńkọ́? Bàbá ẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ tó lóyún ńkọ́? Ajá yín ńkọ́?" Mò ń dáhùn, àwọn èèyàn ń bá wa ṣe àmín, kò sẹ́ni tó sọ pé ká yára. Ajá wa ti kú, wọ́n bá wa kẹ́dùn. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn parí ni wọ́n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Àáró ni wọ́n ń ṣe. Láti ìgbà tí ìgbìn ti bẹ̀rẹ̀ ni Tàǹtí ti ń bá wọn lọ láti oko dé oko. Ọ̀la ló kàn án. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ ti kó èèbù ẹ̀ dé etí oko kí ẹgbẹ́ tó dé. Bí wọn ò bá bá èèbù níbẹ̀, wọ́n á kọjá sí oko ẹlòmíràn, onítọ̀hún á di ẹ̀yìn gbogbo wọn. Láàárọ̀ yẹn, àwọn ọkùnrin méjì wá bá a kó o. Yáyà ṣí koríko ní apá ọ̀tún, ó rí orí ejò. Ganíyù ṣí i ní apá òsì, òun náà rí orí ejò. Àwọn méjèèjì sá pàdé ara wọn níwájú ilé, wọ́n forí gbára. Wíwú tó wà níwájú orí Yáyà nígbà tí mo dé, gbogbo ayé ló kọ́kọ́ rò pé ejò ló bù ú jẹ.

Bàbá Sùlé, olórí ẹgbẹ́ náà, bàbá tínínrín tí fìlà ẹ̀ kì í kúrò lórí, ló ń sọ̀rọ̀. "Ràfátù, mo ti sọ tèmi. Tá a bá bá èèbù létí oko lọ́la, a ó gbìn ín. Tá ò bá bá a, a ó kọjá."

"Ta ló bá yín gbin tiyín, Bàbá Sùlé?"

"Ìwọ wà níbẹ̀."

"Ta ló bá Yáyà gbin tiẹ̀?"

"Ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá yẹ ọjọ́ fún ẹ lónìí torí ejò, lọ́la, ẹlòmíràn á ní kí n yẹ tòun torí pé ìyàwó òun ń rọbí."

"Ìyàwó mi ń rọbí lóòótọ́ lọ́jọ́ tó kàn mí," ni Yáyà wí, ó sì gbáyà, "mo ṣì kó èèbù mi dé oko."

"Èmi ni mo kó o!" Ìyàwó ẹ̀ ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, tòun tọmọ lẹ́yìn.

Ẹ̀rín sọ. Tàǹtí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú ẹ̀ ò kúrò lára koríko yẹn. Kajú ti ń já bọ́. Láìpẹ́, gbogbo ọwọ́ tó wà ní Mànígírì á wà lábẹ́ igi kajú, wọ́n á máa ṣa á, torí òun ni wọ́n ń tà fún oníṣòwò. Tí ọjọ́ Tàǹtí bá bọ́ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa ráyè tiẹ̀ mọ́, èèbù á sì rọ sílẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tó máa dá oko ṣe láìsí ọkọ ẹ̀ rèé. Àwọn ẹbí ọkọ ẹ̀ sì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí apá ẹ̀ ò bá ká ilẹ̀ náà, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tápá ẹ̀ ká a. Ilẹ̀ yẹn ló wà lábẹ́ koríko yẹn pẹ̀lú ejò.

"Ẹ jẹ́ ká tiná bọ̀ ọ́," ni Ganíyù wí.

"Kẹ́ ẹ wá gbé epo pupa wá. Èèbù tó bá jóná, iṣu sísun ni," ni Tàǹtí dá a lóhùn.

"Kẹrosíìnì ńkọ́? Ká da kẹrosíìnì sí i."

"Ìwọ kọ́kọ́ mu ún ná, ká wò ó bóyá wàá hù."

"Ká fi igi lù ú, Tàǹtí."

"Ẹ fẹ́ lu èèbù tó ti ń yọjú? Irú àgbẹ̀ wo lẹ tiẹ̀ jẹ́ ná?"

*

Ó yẹ kí n dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí nílé mọ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Mo ṣe bàólọ́jì níléèwé."

Wọ́n là fún mi. Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọn ò tíì là fún mi rí. Mo rìn gba àárín wọn kọjá bí ọkọ ìyàwó. Mo mú igi kan, mo fi tọ́ koríko díẹ̀. Nǹkan kan ṣe fìrì lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n padà sọ fún mi pé alángbá ni. Nígbà yẹn, mo ti wà lórí igi kajú. Bí mo ṣe débẹ̀, Ọlọ́run ló yé. Sálúbàtà mi kan wà nílẹ̀, ìkejì wà lórí òrùlé.

Yáyà gbójú sókè wò mí. "Ọ̀gá bàólọ́jì! Ṣé òkè ni wọ́n ti ń ṣe é ni?"

Àánú mi ló ṣe fóònù mi. Látìgbà tí mo ti kúrò ní Bàsílà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí ẹ̀, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí igi yìí. Mo ké sílẹ̀ pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo wá gùn ún fún!" Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Torí pé mo ti sọ ọ́, mo ní láti wá nǹkan kan kà. Mo tẹ ejò abẹ́ ilẹ̀ sí i, mo tẹ orí méjì sí i. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó jáde.

"Ó ní ejò kan wà," ni mo kà fún wọn, "tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ ewé. Apá ibi tiwa yìí títí dé Kóńgò nìkan ló wà láyé. Kò ní arákùnrin, kò ní arábìnrin, òun nìkan ló wà nínú ìdílé ẹ̀. Ìrù ẹ̀ rí kùkùté bí orí ẹ̀, èèyàn ò lè mọ̀yàtọ̀. Ọmọ eku ló ń jẹ. Kò lóró. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á tọ́jú orí sáàárín, á wá máa fi ìrù ṣe orí."

"Àlhàmdù lílláhì," ni Tàǹtí wí.

"Ẹ ní sùúrù, mà. Ó kù. Ó ní òmíràn náà tún wà lábẹ́ ilẹ̀. Òun dúdú, ó kéré. Òun kì í ya ẹnu kó tó bu èèyàn jẹ, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló ti máa ń yọ eyín gún un. Ẹni tó dì í lọ́rùn mú pàápàá, á gún un. Ó ní oró ẹ̀ ò dáa rárá."

Àwọn tó ti sún mọ́ àká tún sún sẹ́yìn.

Bàbá Sùlé ní, "Èwo wá ni tiwa?"

"Wọn ò kọ ìyẹn síbí, bàbá."

"Sọ̀kalẹ̀ ńbẹ̀," ni Tàǹtí wí, "kó o lọ kà á sí i létí. Bóyá á jẹ́ ọ̀kan."

Ó wá dìde lórí odó. Ó ní, "Yáyà, àwọ̀ wo lo rí?"

"Orí ni mo rí, Tàǹtí. Mi ò dúró wo àwọ̀."

"Ganíyù, ìwọ ńkọ́?"

"Orí ni èmi náà rí."

"Ta ló wá rí ìrù?"

Tàǹtí wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Ejò méjì, orí méjì, kò sí ìrù kankan? Níbo ni wọ́n tọ́jú ìrù sí, sílé ọkọ?" Ẹ̀rín tún sọ. Ó ní òun gbà pé ejò kan ni, ẹnu ìlú ló sọ ọ́ di méje. Bàbá Sùlé ní ọ̀kan tó lórí méjì, òun ò mọ̀ bóyá ó sàn ju méjì tó lórí kọ̀ọ̀kan lọ.

"Èmi náà ò mọ̀," ni Tàǹtí dáhùn. "Bóyá tó lóró ni, bóyá tí ò lóró ni. Èmi ṣáà máa kó èèbù mi." Ó sán aṣọ mọ́dìí.

*

Bó ṣe ṣe é rèé. Ó ní ejò tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ò lè fẹ́ràn oòrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí oòrùn ti ń wọlé, ó ṣí koríko ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti àlejò náà síwájú. Kò fọwọ́ wọ inú ẹ̀. Ọ̀pá oníkọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń já kajú ló fi ń wọ́ èèbù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí ojú ẹ̀ má bàa dá.

Èmi ṣì wà lórí igi. Mò ń wo obìnrin tí wọ́n bí ìyá mi tẹ̀ lé, ìbàdí ẹ̀ ń dùn ún, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Ìtìjú le ju ejò lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì mú apẹ̀rẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi dà á nù. Ìyàwó Yáyà ló ká òṣùká fún mi, ó ní ọrùn mi dà bí ọrùn ẹyẹ lékeléke, kí n má gbé e ga. Mo gbé ìkejì. Àwọn obìnrin ń wò mí láti ọ̀nà, wọ́n ń fi mí ṣẹlẹ́yà, ẹnì kan wá ní, "Àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe mí," ó gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ àká, ṣùgbọ́n èèbù tó bá ti kúrò lábẹ́ koríko tó dé ojú ọ̀nà, èèbù lásán ni, kò níí ṣe pẹ̀lú ejò. Tàǹtí ń wọ́ ọ jáde, èmi ń gbé e dé ojú ọ̀nà, wọ́n ń gbà á lọ sí oko. Kò pẹ́ tí Yáyà náà fi wá dúró sójú ọ̀nà. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Ṣé ìwọ lo máa kó o lọ́tẹ̀ yìí àbí èmi náà ni?" Ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí èèbù ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ejò ń sún mọ́ wa. Mo lérò pé ẹ mọ̀ pé ìṣirò yẹn ò tù mí nínú. Nígbà tó ku ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ní igun kan ṣoṣo, Tàǹtí dúró. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́.

"Mà?"

"Ìwọ lo ṣe bàólọ́jì. Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní yunifásítì, wàá ní nǹkan sọ."

Mo na ọ̀pá. Mo fa koríko tó kẹ́yìn.

Kò dúdú! Àwọ̀ kòkó gbígbẹ ló ní, wọ́n wá wọ́n nǹkan pupa róróró sí i lára bí ẹni ta epo sí aṣọ. Ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Ó dùbúlẹ̀ sáàárín òwú àti irun tí eku fi ṣe ilé, ikùn ẹ̀ wú, ó sì hàn gbangba ibi táwọn ọmọ onílé wọ̀ sí. Bí oòrùn ṣe kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ, ó ká, ó ká, ó di bọ́ọ̀lù. Orí kan yọ lókè, ó ń mì síwá sẹ́yìn.

"Orí tí mo rí nìyẹn!" ni Yáyà ké.

"Ìrù ni," ni mo wí. "Orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù wa ló ń bà á."

Àwọn tó jìnnà sún mọ́ tòsí. Bàbá Sùlé náà sún mọ́ tòsí, ó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ejò ló kọ́kọ́ wò. Ó mú èèbù kan ní ibi tí ejò sùn sí, ó yí i wò. Ó mú òmíràn. Ara wọn jọ̀lọ̀, eyín eku kan ò kan ìkankan nínú wọn. Ó dá a padà sílẹ̀, ó sì tún fìlà ẹ̀ ṣe.

Tàǹtí fi ẹ̀gbẹ́ igbá ńlá kan lélẹ̀ níbẹ̀, mo fi ọ̀pá yí bọ́ọ̀lù náà sínú ẹ̀ bí ẹní yí ọsàn. Nígbà tó wọlé, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Àwọn tó wà níbẹ̀ ní mo kí ejò. Irọ́ ni. Bí mo bá kí i ńkọ́? Ìyá oníwàṣé ṣáà ti kọ́ mi.

*

Lọ́jọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ ni ẹgbẹ́ àáró dé oko Tàǹtí. Èèbù ń dúró dè wọ́n létí oko, ó tò gègèrè. Tàǹtí wọ aṣọ tuntun lórí aṣọ oko. Bàbá Sùlé wo èèbù, ó wo Tàǹtí, ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé ọkọ́ ẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n Tàǹtí yí ojú sápá kan, ó fi ìdí aṣọ nu ojú, ó ní eruku ni.

Wọ́n fún èmi náà ní ìlà ebè kan. Mo gbìn ín tayọ̀tayọ̀. Mo yíjú lẹ́yìn láti wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo rí i pé ìyá arúgbó kan ń tẹ̀ lé mi, ó ń hú gbogbo ohun tí mo gbìn, ó ń tún un gbìn. Ó ní orí èèbù ló yẹ kó kọjú sókè, àmọ́ tèmi ń wo ọ̀run àpáàdì. Ó ní kí n má bínú, kí n máa gbìn ín lọ, òun fẹ́ràn láti máa rí ẹni bá rìn.

Nígbà tí oòrùn fi máa le, ilẹ̀ ti bò. Àbúrò ọkọ Tàǹtí wá dúró létí oko, ó wo gbogbo ebè tó ti dé koríko lórí, ó kí wa kú iṣẹ́, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Iyán ọjọ́ yẹn, mi ò ní sọ nípa ẹ̀ púpọ̀ torí ìyá mi máa ka èyí. Odó mẹ́ta ló ń dún pọ̀. Wọ́n gún un títí ó fi ń fà bí ọ̀rọ̀ àgbà, wọ́n fi ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà sí i, kò sì sí ṣíbí. Mo béèrè ṣíbí. Ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀ yẹn.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Tàǹtí jókòó síwájú ilé, igbá tá a fi igbá mìíràn dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A ń rò ó pé a máa tú àlejò náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Bàbá Sùlé ló ń bọ̀ yẹn, òun nìkan.

Ó kí wa. Ó bi mí léèrè bàbá mi tí kò rí rí. Ó bi mí léèrè òjò Ṣakí. Ó sọ̀rọ̀ kajú, ó sọ̀rọ̀ ọ̀yẹ́ tó ti lọ, ó ní iyán ọ̀sán yẹn dáa. Ó wo igbá.

"Ràfátù."

"Bàbá Sùlé."

"Àlejò ẹ yẹn. Ṣé ó ti lọ?"

"Ó wà nínú igbá."

"Ẹn-ẹ́n." Ó tún fìlà ẹ̀ ṣe. "Eku ni, Ràfátù. Àwọn eku àká mi, iṣu jíjẹ tí mo kó pamọ́, wọn ò fẹ́ ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún mi mọ́."

Tàǹtí gbójú sókè wò ó. Mo rí i tó ń gbé ẹ̀rín mì. "Àmọ́ lánàá, ẹ ní òfin lòfin."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Òfin náà ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé. Ejò yìí ti bá mi ṣiṣẹ́ títí, ó ti wọ ẹgbẹ́ àáró nìyẹn. Tèmi ti parí. Tiyín ló kàn. Lẹ́yìn yín, ti Yáyà, lẹ́yìn Yáyà, ti Ganíyù. Ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró kọjá ọjọ́ tó yẹ o, ẹ ò sì gbọdọ̀ fiyà jẹ ẹ́, kí ọjọ́ ẹlòmíràn má baà bàjẹ́."

Bàbá Sùlé rò ó dáadáa, bí olórí ẹgbẹ́ ṣe yẹ kó rò ó. "Dakọ́ọ̀," ló fi Faransé gbà fún un. Ó dìde. Kò fọwọ́ kan igbá. Ó wo igbá, ó wo èmi.

"Ọmọ bàólọ́jì," ni Tàǹtí wí, "dìde, kó o bá bàbá gbé e."

Bí mo ṣe ru ejò la Mànígírì kọjá nìyẹn. Bàbá Sùlé wà níwájú, ó jìnnà sí mi tó ibi tí òkò lè dé, ó sì ń yára. Kò bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá dé igun ilé kan, á dúró, á tẹ́tí, á ní, "Ṣé o ń bọ̀?"

Mo fọwọ́ méjèèjì di igbá mú lórí. Mo gbọ́ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó dáa sùn.

"À ń bọ̀, Bàbá."